Ẹ bá mi wo ẹ̀wù họ́kì mẹ́ta yìí: Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́

Ayàwòrán_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Montréal ló kó họ́kì orí yìnyín ràn mí. Bí ẹgbẹ́ Canadiens bá ti gbá eré wọn tán báyìí, fídíò ti dé sórí fóònù mi. Èmi tí n kò rí yìnyín rí ju èyí tí wọ́n ń fọ́ sínú omi ọsàn lọ, mo ti mọ orúkọ àwọn eléré wọn lórí. Ṣùgbọ́n eré gan-an kọ́ ló gbà mí lọ́kàn, ẹ̀wù wọn ni. Mo wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ní ká ní ìlú tiwa ní Benin níbí náà ní ẹgbẹ́ họ́kì, kí ni wọn ì bá máa wọ̀? Mẹ́ta ni mo yà. Àwòrán wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kò lè gbé e, bí wọ́n ṣe rí nìyí:

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Zangbeto, eégún oníkoríko àwọn Gun, dúró gbọnrangandan láàárín àyà. Mọ́ṣáláṣí Ńlá wà ní èjìká ọ̀tún, igi ọ̀pẹ ní èjìká òsì, ìgbì omi ọ̀sà yí etí ìsàlẹ̀ ẹ̀wù ká. Mo kọ ÀJÀṢẸ́ ILÉ sábẹ́ ọrùn. Nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́ funfun.

Kétu. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni àmì àyà, mo sì gbé ẹnubodè Àkábà Ìdẹ̀nà lé e lórí bí àwọn agbẹ́gilére ṣe máa ń gbé nǹkan lé orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìlà òfì wà ní apá méjèèjì. Lẹ́yìn, mo fi IGINLA 12 ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá mọ̀ á mọ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọ̀ aró. Òkè méjì ní funfun àti eérú, SABƐ lábẹ́ wọn, ìlà funfun méjì ní apá àti ní ìsàlẹ̀. Ó parí.

Ẹ sọ ojú abẹ níkòó fún mi. Ẹ má gbé mi gẹṣin aáyán.

Alápárá_Àjàrá

Yìnyín tí kò lè kúrò ní Kútọnu dé Wàǹdó kó má tíì di omi, orí ẹ̀ lẹ fẹ́ máa sáré? Ẹ rán ẹ̀wù òjò mọ́ ọn o.

Ọmọ_Pọ́bẹ̀

N kò mọ nǹkankan nípa họ́kì, ṣùgbọ́n ti Ṣábẹ̀ẹ́ ló wọ̀ mí lójú jù. Ti Àjàṣẹ́ ń rẹ ojú mi.

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Ìlú tí wọ́n ti ń gbá eré yìí ni mo ń gbé. Bí owó bá gbà mí láyè, mo máa ń lọ sí Centre Bell, pápá àwọn Canadiens, òkè pátápátá níbi tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ti dín ni mo sì máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o fọkàn jókòó sí kó o tó ya òmíràn. Láti ibẹ̀, a kì í rí ojú eléré: wọ́n dé akoto, wọn kì í sì í dúró lójú kan. Àwọ̀ ẹ̀wù, ìlà ara rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀yìn ni ojú ń bá. Ohun tí kò bá dé òkè lọ́hùn-ún, asán ni o yà á.

Jẹ́ kí n ti orí ti Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Nǹkan márùn-ún ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lára ẹ̀wù kan: Zangbeto, mọ́ṣáláṣí, ọ̀pẹ, omi, orúkọ ìlú. Wo Canadiens fúnra wọn. C kan tí H wà nínú rẹ̀, ẹ̀wù pupa, ọ̀já búlúù kan tó yí àyà ká, ìlà funfun lókè àti nísàlẹ̀ ọ̀já náà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń wọ irú rẹ̀, ọmọdé tí kò tíì mọ ìwé kà níhìn-ín sì lè fi kírẹ́yọ́nù yà á. Ìdánwò tèmi nìyẹn: fi àmì rẹ han ọmọdé kan, gbé e kúrò níwájú rẹ̀, kó yà á fún ọ. Ọmọ wo ló máa ya Zangbeto, mọ́ṣáláṣí àti ọ̀pẹ?

Àmì kan wà tí àwọn ayàwòrán ẹ̀wù ń bọ bí òrìṣà, ti Hartford Whalers, tí Peter Good yà ní 1979. W aláwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀, ìrù àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù wà lókè, àlàfo funfun tó kù láàárín àwọn méjèèjì sì di H. Ẹgbẹ́ náà kó kúrò ní Hartford ní 1997, ó di Carolina Hurricanes, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń ra ẹ̀wù Whalers títí dòní.

Wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní 1995, New York Islanders pa àmì àtijọ́ wọn tì, wọ́n gbé apẹja kan tó di ọ̀pá họ́kì mú sí àyà, wọ́n sì jẹ́ kí ìlà ẹ̀wù máa ru bí ìgbì òkun. Àwọn olólùfẹ́ Rangers, ẹgbẹ́ New York kejì, fi wọ́n ṣẹ̀sín débi pé wọ́n ń fi orin béèrè ẹja díndín nínú pápá. Nígbà tó fi máa di òpin sáà 1996–97, apẹja ti lọ. Ìgbì omi tó o fi sí etí ẹ̀wù Àjàṣẹ́ yẹn, àbúrò, ibẹ̀ ló ń kó ọ lọ.

Nọ́ńbà funfun lórí ìyeyè kò hàn rárá. Àwọn Boston Bruins ń lo ìyeyè, ṣùgbọ́n dúdú ló ń gbé e dúró. Má sì gbàgbé pé láti sáà 2003–04, ẹgbẹ́ onílé ló ń wọ àwọ̀ tó ṣú nínú NHL, líìgì họ́kì ńlá ti Kánádà àti Amẹ́ríkà, àlejò a wọ funfun. Nítorí náà ẹ̀wù méjì-méjì lo jẹ wá. Bí ìyeyè àti funfun bá pàdé lórí ẹ̀wù àlejò, tí yìnyín tún funfun lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kí la fẹ́ rí?

Paríparí rẹ̀, níbo ni lẹ́tà C tí wọ́n fi ń mọ olórí ẹgbẹ́ máa wà? Àyà òsì ni wọ́n sábà máa ń rán an mọ́. Detroit Red Wings ní tiwọn gbé e sí ọ̀tún, torí ìyẹ́ apá àmì wọn ti gba òsì. Ìwọ kò fi àyè sílẹ̀ ní ọ̀tún, o kò fi sílẹ̀ ní òsì.

Màá padà wá sórí Kétu. Ti Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú mi ni, ẹnu mi kò gba ìdájọ́.

Alápárá_Àjàrá

Ẹnu yín kò gbà á, tèmi gbà á. Òkè rúgúdú méjì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lórí àyà géńdé ọkùnrin. Ṣé èmi nìkan ló rí i ni?

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

Mo rí i. Mo bọ̀wọ̀ fún ìlú mi ni mo fi dákẹ́.

Ọmọ_Pọ́bẹ̀

Háà! Ẹ ti bà á jẹ́ fún mi. N kò lè rí nǹkan mìíràn mọ́.

Ayàwòrán_Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti nọ́ńbà àti ti C, màá tún wọn ṣe. Ti Ṣábẹ̀ẹ́ náà, màá gbé òkè kan síwájú kí èkejì yọrí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí Alápárá lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n lórí Àjàṣẹ́, mo ní àwíjàre. Àjàṣẹ́ kì í ṣe ìlú ẹni kan ṣoṣo. Àwọn Gun wà níbẹ̀, àwa Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà bọ̀ wà níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Ńlá yẹn fúnra rẹ̀, ọwọ́ àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ló kọ́ ọ, àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i a rò pé ilé ìjọsìn Kristẹni ni. Bí mo bá yọ ọ̀kan, àwọn kan á ní mo yọ àwọn. Ẹ sọ fún mi, èwo ni kí n yọ?

Aránṣọ_Kétu

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi kò mọ họ́kì, aṣọ ni mo mọ̀. Ìbéèrè mi kan ni: àwọn àmì wọ̀nyí, ṣé wọ́n ń tẹ̀ wọ́n ni tàbí wọ́n ń rán wọn?

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

Bàbá, wọ́n ń rán wọn ni. Èyí tí àwọn eléré ń wọ̀, aṣọ líle ni wọ́n ń gé, wọ́n á tò ó lé ara wọn ní ìpele-ìpele, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ rán etí rẹ̀ yíká. Nọ́ńbà àti orúkọ náà bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ_Kétu

Ẹ ṣeun, ọmọ. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ẹni tó bá ti rán aṣọ eégún rí mọ irú iṣẹ́ yìí. Aṣọ lórí aṣọ ni. Etí aṣọ eégún tó ní eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń gé e, à ń ká etí rẹ̀ sínú, à ń rán an. Bí eyín náà bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò sí àyè láti ká a, á tú. Ẹ wá wo igi ọ̀pẹ èjìká yẹn. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Èmi kò lè rán an, ẹni tó bá sì ní òun lè rán an fún yín, ẹ má fún un lówó ṣáájú. Koríko ara Zangbeto náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ya gbogbo okùn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ohun kejì ni ìwúwo. Bí ẹ bá to aṣọ mẹ́rin lé ara wọn láàárín àyà, tí aṣọ ẹ̀wù fúnra rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, àyà ẹ̀wù á wọ́ sílẹ̀. A ní láti fi aṣọ líle, irú èyí tí a ń fi sínú ọrùn agbádá, tì í lẹ́yìn. Síbẹ̀ kó má pọ̀.

Àbá tèmi fún Kétu: ẹ yọ ìlà òfì apá yẹn kúrò. Òfì dára ní ti òfì, àmọ́ ìlà rẹ̀ wẹ́wẹ́ ti pọ̀ jù, láti òkè tí ọmọ wa ń jókòó sí yẹn àwọ̀ kan ṣoṣo ló máa jọ. Eyín aṣọ eégún ni kẹ́ ẹ fi yí ìsàlẹ̀ ẹ̀wù àti ọwọ́ ká, kó tóbi, kó jẹ́ àwọ̀ méjì péré. Èyí yóò dé òkè.

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

Bàbá, ẹ ti sọ nǹkan. Irú etí ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú NHL. Ìlà gbọọrọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń fà.

Kí n fi èyí kún un fún yín, torí yóò dùn mọ́ yín: nínú ẹ̀wù họ́kì, lẹ́yìn, okùn kan wà tí wọ́n ń fi de ẹ̀wù mọ́ ṣòkòtò. Ìjà ló fà á. Bí eléré méjì bá ń jà, èkíní máa ń fa ẹ̀wù èkejì bo orí rẹ̀ kó má ríran, kó tó wá máa lù ú. Òfin NHL ní okùn yẹn gbọ́dọ̀ wà ní síso.

Aránṣọ_Kétu

Ṣé wọ́n máa ń jà lójú rẹfirí?

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

Rẹfirí a dúró tì wọ́n, a máa wò wọ́n títí ọ̀kan á fi ṣubú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á sì padà wá gbá eré.

Aránṣọ_Kétu

Èmi á fi òwú oníṣẹ́ bàtà rán okùn yẹn.

Ọmọ_Alákétu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sí àyà ẹ̀wù Kétu, torí ibẹ̀ ni inú mi kò ti dùn.

Ayàwòrán, mo rí i pé o mọ ọwọ́ lò. Àmọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wo lo wò kó o tó ya èyí? O fún un ní eyín, o fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó ń bínú. Mo mọ ibi tí ìyẹn ti wá. Gbogbo ẹranko tó wà lára ẹ̀wù eré Amẹ́ríkà ló ń fi eyín hàn, títí dórí pẹ́pẹ́yẹ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í bínú. Ojú rẹ̀ balẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo díẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé, ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Gbogbo ariwo, ejò, ẹyẹ, ọ̀kadà, ọkọ̀ òfúrufú, òkè orí ni agbẹ́gilére ń kó wọn sí. Ojú tó wà nísàlẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkankan ń ṣẹlẹ̀. Nítorí àwọn ìyá wa la ṣe ń jó o. Ta ló ń fi eyín han ìyá rẹ̀?

Bó o bá ya ojú tútù sí àyà ẹ̀wù eré tí wọ́n ti ń gbá ara wọn mọ́ ògiri, ìyẹn gan-an ló máa bani lẹ́rù. Gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ń wú bí ológbò, tìrẹ kàn ń wò wọ́n.

Ti Àkábà Ìdẹ̀nà ńkọ́? Ó ya mí lẹ́nu pé o gbé e lé orí. Ẹnubodè tó dúró de ogun Dahomey kí ìlú tó fọ́ ní 1886, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ orí. Bó o bá fẹ́ lò ó, lò ó ní òun nìkan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ kó dá dúró. Èmi á mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ má bínú, ará Abẹ́òkúta ni mí, mo kàn yà wọlé ni. Ṣé ó tọ́ ká máa gbé ohun ìbílẹ̀ sára ẹ̀wù eré? Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Zangbeto. Bí wọ́n bá fa ẹ̀wù ya ńkọ́, tí wọ́n tutọ́ sí i?

Ọmọ_Alákétu

Ẹ káàbọ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ohun tí à ń gbé síta fún tọkùnrin tobìnrin láti wò. UNESCO kéde rẹ̀ bí ogún àṣà aráyé ní 2001 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, gbogbo ayé ló mọ ojú rẹ̀. Ká ní Orò ló yà, èmi gan-an á ti ní kó pa á rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń yà á ló ká mi lára, kì í ṣe yíyà á.

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

Ìbéèrè ará Abẹ́òkúta kì í ṣe kékeré. Chicago Blackhawks gbé orí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan sí àyà, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ti ń sọ pé àwọn kò fẹ́. Ní 2020 ẹgbẹ́ náà ní àwọn kò ní pa orúkọ tàbí àmì náà dà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn olólùfẹ́ má dé adé oníyẹ̀ẹ́ wá sí pápá mọ́. Ìyàtọ̀ tiwa ni pé ọmọ ìlú ló ń ya ohun ìlú rẹ̀. Síbẹ̀, Ayàwòrán, Yorùbá ni ọ́, ti àwọn Gun sì ni Zangbeto. Ṣé o ti fi han ọmọ Gun kankan?

Ayàwòrán_Àjàṣẹ́

Ọmọ Gun ni ìyá mi.

Alápárá_Àjàrá

Ọmọ Gun ni èmi náà, mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò jọ Zangbeto! Kò ní ojú, kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀. Lójú àwa tá a mọ̀ ọ́n, ó tó. Lójú ará Kánádà, òkìtì koríko ni wọ́n gbé sí àyà.

Ìyá_Atẹ̀ṣọ_Wàǹdó

Ẹ kú àṣeyè. Iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ sára aṣọ ni mò ń ṣe, kí n dá sí i díẹ̀.

Ohun tí Zangbeto fi ń wu àwọn ọmọdé kì í ṣe ìrísí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ni, nígbà tó bá ń yí. Koríko tí wọ́n rẹ láró ní ìpele-ìpele: ìyeyè, elésè àlùkò, ewé, pupa. Nígbà tó bá yí, ìlà ló kù lójú. Ẹ mú ìlà yẹn, kẹ́ ẹ fi yí apá àti ìsàlẹ̀ ẹ̀wù ká, kẹ́ ẹ sì yọ Zangbeto fúnra rẹ̀ kúrò. Ìpele mẹ́ta tó. Ẹ fi àwọ̀ ewé tó ṣú ṣe ara ẹ̀wù, ìyeyè máa tàn lórí rẹ̀.

Àwọ̀ Kétu yín kò ní jáde bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà. Irú pupa ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń di àwọ̀ ọsàn lórí aṣọ kan, á sì di búráùn lórí òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹ̀kírí kan wò. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ olóoru lẹ fẹ́ fi tẹ gbogbo rẹ̀, aṣọ polyester funfun lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, kì í mú lára òwú, kì í sì í hàn lórí aṣọ tó ti ṣú tẹ́lẹ̀. Aró Ṣábẹ̀ẹ́ yẹn, títẹ̀ la máa tẹ aró náà, òkè àti ìlà á jẹ́ funfun aṣọ tí a kò tẹ nǹkan sí.

Ọmọ_Pọ́bẹ̀

Ẹ wò ó. Ìyá ní kẹ́ ẹ yọ Zangbeto. Orúkọ ìlú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Ṣé A kọ́ ni Zangbeto, bí ẹ bá yọ gbogbo koríko wẹ́wẹ́ kúrò? Òkè ṣóńṣó, ìsàlẹ̀ fẹ̀. Ẹ fi ìpele mẹ́ta yẹn kọ A náà.

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

Ẹni tó ní òun kò mọ họ́kì ló sọ èyí o. Ọgbọ́n Hartford gan-an nìyẹn. Ará Kánádà á rí A, ọmọ Àjàṣẹ́ á rí Zangbeto. Kò sì sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kankan tí Bàbá kò ní lè rán.

Nípa ìbéèrè rẹ, Ayàwòrán, pé èwo ni kó o yọ: gbé mọ́ṣáláṣí sí èjìká, òun nìkan, ní èjìká méjèèjì. Seattle Kraken tó wọ NHL ní 2021 ṣe bẹ́ẹ̀. S ló wà láyà wọn, ojú pupa kan ń wo èèyàn láti inú rẹ̀. Ilé gogoro Space Needle tí ìlú náà fi ń yangàn, inú ìdákọ̀ró kékeré kan ní èjìká ni wọ́n fi pamọ́ sí. Ọ̀pẹ àti omi, jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Aránṣọ_Kétu

Mọ́ṣáláṣí náà níṣẹ́ nínú, gogoro rẹ̀ àti fèrèsé rẹ̀ pọ̀. Ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ẹ jẹ́ kí Ìyá Wàǹdó tẹ̀ ẹ́. A kì í rán irú ìyẹn.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ìbéèrè kan kù. Jẹ́sì Ṣábẹ̀ẹ́, ṣé ẹ̀yìn lẹ kọjú E yẹn sí ni?

Ọmọ_Pọ́bẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ìhà tiwa. Ɛ ni tiwa, Ẹ ni tiyín.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Kò burú. Mo rò pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe ni.

Aránṣọ_Kétu

Fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́, tiwa ló dára jù. Ẹ̀kán aṣọ kan ni Ɛ, o gé e, o rán an. Ẹ ti yín ní àmì kékeré lábẹ́, òun nìkan ló dá wà, ẹ̀rọ ìfọṣọ á jí i gbé.

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

Ó ṣeé ṣe ṣá. Tim Stützle tó ń gbá fún Ottawa Senators, àmì méjì wà lórí U rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀wù. Àmọ́ mo gbà pẹ̀lú Bàbá. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni bóyá ó yẹ kí SABƐ wà lábẹ́ òkè rárá. Nínú họ́kì, ẹgbẹ́ tó bá ní àwòrán kì í sábà kọ orúkọ mọ́ ọn. Àwọn Rangers ti New York ló ń kọ orúkọ, wọ́n sì kọ ọ́ ní dídagun láti èjìká wá sí ìhà, kò sí àwòrán kankan láyà. Yálà òkè tàbí SABƐ, kì í ṣe méjèèjì.

Ayàwòrán_Àjàṣẹ́

SABƐ ní dídagun! Èyí tán wàhálà Alápárá pátápátá.

Ọmọ_Pọ́bẹ̀

Rárá o, òkè ni mo fẹ́. Kí ni Ṣábẹ̀ẹ́ láìsí òkè rẹ̀?

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

SABƐ sí àyà ẹ̀wù aró, òkè kékeré sí èjìká. Ní ti ẹ̀wù funfun àlejò, kó lo òkè ní àyà. Ọmọ ìlú ti dájọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Atẹ̀ṣọ_Wàǹdó

Ta wá ni Iginla tí ẹ kọ sẹ́yìn Kétu? Ọmọ Kétu ni?

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

Ìyá, ọmọ Kétu kọ́, ọmọ wa ni. Jarome Iginla, Adékúnlé wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìlú Edmonton ní Kánádà ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Nọ́ńbà 12 ló wọ̀ fún Calgary Flames láti 1996 títí di 2013, òun sì ni olórí wọn fún sáà mẹ́sàn-án. Ó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní 2002 àti ní 2010, òun ló gbé rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá fún Sidney Crosby tó fi gbá a wọlé Amẹ́ríkà ní 2010 yẹn. Ní 2019 Calgary fi nọ́ńbà 12 rọ̀ sókè pápá, ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ Tij náà ti ń bọ̀, Utah ló mú un ní 2024.

Ẹ̀yìn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, Ayàwòrán, àyàfi irú nọ́ńbà tó o lò. O gbẹ́ 1 àti 2 bí ẹni gbẹ́ igi, ó rẹwà lójú fóònù, láti òkè lọ́hùn-ún mi ò lè sọ bóyá 12 ni tàbí 17. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ gbàgẹ̀rẹ̀.

Ayàwòrán_Àjàṣẹ́

Mo ti tún wọn yà. Àwòrán tuntun wà nísàlẹ̀. Àjàṣẹ́: ara aláwọ̀ ewé tó ṣú, A onípele mẹ́ta (ìyeyè, elésè àlùkò, pupa), ìlà mẹ́ta yẹn náà ní apá àti ìsàlẹ̀, mọ́ṣáláṣí ní èjìká. Ṣábẹ̀ẹ́: bí ẹ̀gbọ́n ṣe dájọ́ rẹ̀. Kétu: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan, ẹnu rẹ̀ ti pa dé, eyín aṣọ eégún yí ìsàlẹ̀ ká, nọ́ńbà gbàgẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù funfun wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyè C wà ní àyà òsì.

Alápárá_Àjàrá

Iṣẹ́ ti dé sójú rẹ̀. A yẹn, mo rí i, mo sáré kúrò lójú ọ̀nà.

Ṣábẹ̀ẹ́_ní_Montréal

Mo dín àwòrán náà kù lórí fóònù títí ó fi kéré jù èékánná lọ, mo ṣì mọ èyí tí í ṣe Àjàṣẹ́. Pupa ìpele ìsàlẹ̀ A ń rì sínú àwọ̀ ewé ṣá, ìyẹn sì máa ń yọ àwọn tí ojú wọn kì í fi pupa yàtọ̀ sí ewé lẹ́nu. Fi ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ya wọ́n nípa.

Aránṣọ_Kétu

Tẹ́ẹ́rẹ́ tó báwo? Kó má dín ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ ìkẹyìn.

Ìyá_Atẹ̀ṣọ_Wàǹdó

Ẹ fi fáìlì A yẹn ránṣẹ́, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí fìlà kan wò lọ́la.

Ọmọ_Alákétu

Ẹnu ti dára. Ìpéǹpéjú kò tíì wúwo tó, ó ṣì ń wòye bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀lù. Fà á wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, mẹ́ta ni kó o ṣe é, kì í ṣe mẹ́rin, àyè mẹ́rin kò sí níbẹ̀.